Ohun Tí Ẹ̀bùn Lọ Kọ́ ní Lyon

Ọjọ́ Àìkú, 4 May 2025

Margaret tà mí lọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀ Seth ló béèrè àlàáfíà Ẹ̀bùn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́ rẹ̀. Margaret ní oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ náà yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lyon, àti pé nípa oore-ọ̀fẹ́, nígbà tí Sunday ìdúpẹ́ ti August bá fi máa pé, yóò ti wà nílé, a ó sì jáde wá dúpẹ́. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń mi orí bí ọkọ tó gbọ́n. Àfi bó ṣe ní, "Dádì rẹ̀ ló máa jẹ́rìí lọ́tẹ̀ yìí o." Kí n tó lanu, Pásítọ̀ ti kọ ọ́ sínú fóònù.

Lọ́nà ilé mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe òun. Ó ní òun jẹ́rìí ilé, òun jẹ́rìí owó ìfẹ̀yìntì, òun jẹ́rìí iṣẹ́ abẹ ojú mi, ṣé èmi ò lẹ́nu ni? Mo lẹ́nu. Ohun tí ẹnu náà máa sọ ni kò sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òbí tó bá ń dúpẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ náà kọ́, kí ìjọ lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe Halelúyà sí. Ó rọrùn fún bàbá lọ́yà. Ó rọrùn fún ìyá ẹnjiníà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, filọ́sọ́fì, ni Ẹ̀bùn lọ kọ́, ti àwọn Faransé, ti òde òní. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 May

Òjò gidi rọ̀ lónìí, àkọ́kọ́ tó ní láárí. Tòmátì ti gbówó lórí, Margaret ní ata rodo nìkan la ó máa jẹ.

Ẹ̀bùn pè ní ìrọ̀lẹ́. Fóònù ìyá rẹ̀ ló pè, bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, títí fóònù fi gbóná, kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ó bi mí bóyá mo ti lo oògùn ojú mi. Mo bi í bóyá òtútù ti dínkù lọ́dọ̀ wọn. Mo wá gbìyànjú, mo ní, "Ẹ̀bùn, kí ni ohun tí ò ń kọ́ yìí gan-an?"

Ó ní, "Dádì, ó máa gùn."

Kò bínú. Ohùn tí èmi náà máa ń lò fún àwọn tó wá béèrè fáìlì wọn ní ọ́fíìsì ló lò, ohùn pẹ̀lẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lójú. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ìwé ara mi. Kì í ṣe ti ìjọ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mo fẹ́ di ẹni tí ọmọ mi lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún.

Ọjọ́bọ̀, 15 May

Mo ti rí olùkọ́. Tíṣà, bàbá Fàósátù ni, ní Kúje nítòsí Festac wa níbí, tó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní èdè Faransé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac lọ́wọ́, Dakar ni ó wà, ìjọba ló rán an lọ. Ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta kí Dakar má yọjú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wọlé lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì kó tó dá mi lóhùn. Ó ní kí n máa wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí n má sì pẹ́ dé, nítorí òun kì í fi àyè gba apẹ́lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 May

Ẹ̀kọ́ náà ń wọ̀ mí lára. Tíṣà ní kí n wo aṣọ ọrùn mi. Télọ̀ ti mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ kó tó gé e. Ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀, ni àwọn Faransé wí. Ènìyàn á kọ́kọ́ dé ná, láìní fáìlì. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ìṣe ọwọ́ rẹ̀ kọ ohun tó wà nínú fáìlì náà. Ẹni tó bá ní òun ò yan nǹkan kan, ó ti yàn.

Èyí dùn mọ́ mi nínú. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, "àṣẹ òkè ni" ni mo máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá ti le. Tíṣà ní lójú àwọn ènìyàn yìí, kò sí àṣẹ òkè kankan, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tẹ sitáǹbù. Mo ṣàlàyé fún Margaret bó ṣe ń yan ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè. Ó ní àṣẹ òkè wà níbi tí mo ti máa jẹ́rìí o, kí n yáa rántí.

Ọjọ́ Àìkú, 1 June

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀bùn pè, mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ jáde: télọ̀, fáìlì, ẹni tí kò yàn ti yàn. Mo tilẹ̀ fi Faransé díẹ̀ sí i. Mo wá ń retí ìyìn.

"Dádì," ó ní, mo sì ń gbọ́ pé ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "àwọn tí ẹ ń sọ yẹn ti kú kí ẹ tó bí mi."

Ó ní wọ́n tóbi, òun bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má dààmú ara mi, kí n sáà sọ pé òun gboyè, ìjọ máa yọ̀. Ọ̀rọ̀ "má dààmú" yẹn ló gún mi jù.

Àwa ará Festac ló sì lè ṣe irú rẹ̀. Bí a bá ní "òde òní," 1977 tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Festac la ń wí. Orúkọ tí wọ́n fún ojú pópó nígbà náà la ṣì ń pè é, ìròyìn ẹni tí ó lọ sókè òkun nígbà náà la ṣì ń gbọ́. Èmi àti Tíṣà jókòó, a rò pé Paris náà jókòó dè wá.

Ọjọ́ Ajé, 2 June

Mo sọ fún Tíṣà. Mo ti wá ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́ kó má dùn ún, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Àbí ẹ ò rí nǹkan," ó ní. "Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ láìsọ fún wa."

A mu tíì. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n sọ fún ọmọ mi kó fi àwọn ti ìsinsìnyí ránṣẹ́. Ó ní òun ò kọ́ Faransé láti fi máa ka ìwé òkú nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 June

Ẹ̀bùn fi ìwé márùn-ún ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni Dádì fẹ́ ka ìwọ̀nyí?" Mo ní kí Margaret dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní ẹnu ọ̀nà Mile 2 wo àkọlé, ó wò mí, ó sì bá mi dì í pọ̀ láìbéèrè.

Ọjọ́bọ̀, 19 June

Ó yege! Margaret jó láti kíṣìnnì dé ẹnu géètì. Èmi náà jó, eékún ò dí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 June

Òjò láti ìdájí. Iná ò sí. Tíṣà wá sílé wa nítorí pé ìloro tiwa mọ́lẹ̀ jù.

Ìwé wọ̀nyí le bí egungun. Ojú ìwé kan lè gba ọ̀sán kan mọ́ wa lọ́wọ́. Tíṣà á kà, á dúró, á bínú sí ẹni tó kọ ọ́, á tún un kà, ojú rẹ̀ á wá là. Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onírònú ti ń sọ pé ayé bó ṣe hàn sí wa nìkan la lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Bó ṣe rí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, kí a má bi wọ́n. Àwọn kan yọ ní Faransé lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí, wọ́n ní òkúta tó ti wà kí ojú kankan tó wà ńkọ́? Wọ́n ní ó wà, a sì lè sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó fi dandan lé e pé bó ṣe wà lánàá ni yóò ṣe wà lọ́la. Àwọn mìíràn gbájú mọ́ ọpọlọ. Wọ́n ní ó dà bí amọ̀, ó ń gba àpẹrẹ, òun náà sì ń fún nǹkan ní àpẹrẹ, ṣùgbọ́n àgbákò kan lè bà á, kí ẹni tó jáde níbẹ̀ má jẹ́ ẹni tó wọlé mọ́. Tíṣà fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi ṣì rọ̀." Inú mi dùn sí i. Ní ọjọ́ orí wa yìí, tí a tún ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun.

Ẹgbẹ́ kẹta ni Ẹ̀bùn wà. Ìyẹn ò tíì yé mi dáadáa. Wọ́n ní a ti ń sọ̀rọ̀ ènìyàn bí ẹni pé ilẹ̀ àti omi àti igi jẹ́ àga àti tábìlì lásán nínú pálọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀.

Margaret gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá, ó bi wá pé Ọlọ́run ńkọ́ nínú gbogbo èyí. Tíṣà ní àwọn kan wà lára wọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ìwé lórí Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì.

Margaret ní, "Wọ́n ti ń sún mọ́ tòsí nìyẹn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 June

Lẹ́yìn ìmọ́tótó àdúgbò, ìpàdé àwọn onílé kúlóòsì wa, òpópónà wa tí kò já síta. Tòkunbọ̀, alága wa, ní kí a fi yẹ̀pẹ̀ dí etí kánààlì tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, kí a lè máa gbé mọ́tò síbẹ̀. Ó bi wá bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ní. Èmi akọ̀wé kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́: gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló pésẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ti já típà àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ dára, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọjọ́rú, 9 July

Omi wọlé. Ìgbà tí a ti dé ilé yìí, kò wọlé rí. Òjò rọ̀ láti àná, kánààlì kò rí ibi tó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí, ó gba inú gọ́tà padà sẹ́yìn, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá. Èmi àti Margaret gbé àga lé orí tábìlì, a gbé tẹlifíṣọ̀n lé orí fíríìjì. Margaret ń kọrin, ó ní bí òun ò bá kọrin òun á sunkún. Ìwé Ẹ̀bùn ni mo kọ́kọ́ gbé sókè. Margaret rí i, ó ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 July

A ti gbọ́n omi tán, kápẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, àlàáfíà wà. Tíṣà wọ bàtà òjò wá kí wa. Ó dúró ní pálọ̀, ó ń wo ìlà tí omi fà sára ògiri. Èmi náà ń wò ó. Ohun tí mo kọ níjọ́sí wá sọ sí mi lọ́kàn: gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló pésẹ̀.

Mo ní, "Tíṣà, kánààlì ò sí nípàdé yẹn."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Nígbà tó yé e, ó pàtẹ́wọ́. A jókòó sórí àga tí kò tíì gbẹ, a tún ìwé kẹrin, ti ẹgbẹ́ Ẹ̀bùn, kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń yọ́ bí òrí. Mo láyọ̀ lọ́jọ́ yìí, pẹ̀lú bí ilé ṣe ń rùn tó.

Ọjọ́bọ̀, 31 July

Ẹ̀bùn ti dé. Ó rù díẹ̀, ó lẹ́wà. Ó jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí ìlà omi lára ògiri, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì ń bi ìyá rẹ̀ léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi ò sọ̀rọ̀ ìwé rárá. Mò ń fi í pamọ́ de ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 August

Mo dán ẹ̀rí mi wò níwájú dígí. Kò dùn. Bí mo bá tún ṣì í sọ níwájú Ẹ̀bùn, yóò tún ní kí n má dààmú, a ó sì padà sórí oògùn ojú àti òtútù títí ayé.

Ọjọ́ Àìkú, 3 August

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe tẹ̀ léra.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Tíṣà wá, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́ èrò sọ́nà fẹ́ kó bọ́ ọ, ó bọ́ ọ, ó gbé e lé orúnkún. Nígbà tó kàn wá, Margaret àti Ẹ̀bùn tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n fún mi ní makirofóònù. Ẹni tó ń lu agogo bí àkókò ajẹ́rìí bá pé ti ń wò mí.

Mo yin Ọlọ́run. Mo ní ọmọ mi gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò. Mo ní nígbà kan àwọn Faransé sọ pé ènìyàn ló ń yan ara rẹ̀, èmi náà sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Mo ní àwọn ti ìsinsìnyí ti jáde sí ìta gbangba, wọ́n ń béèrè nípa ohun tó wà láìsí wa. Ìjọ ń wò mí ṣùù. Mo dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Mo ní, "Ohun tí Ẹ̀bùn kọ́ ni pé omi kò lẹ́nu, nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a lẹ́nu máa gbẹnu sọ fún un."

Àwọn díẹ̀ ti ṣe Halelúyà. Mo fẹ́ dá makirofóònù padà.

"Rárá o, Dádì," ni mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Èmi ni mo na makirofóònù sí i. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní ká gbẹnu sọ fún omi. Omi ò nílò agbẹnusọ. Ó ti ń sọ tiẹ̀ tipẹ́, àwa la ṣe ìpàdé bí ẹni pé kò sí níbẹ̀."

Mo gba makirofóònù padà. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Mo ní, "Ṣùgbọ́n nígbà tí omi wọ pálọ̀ wa ní July, ṣé ó sọ̀rọ̀ ni, àbí ó kàn wọlé? Nǹkan tó kàn wọlé, ṣé o lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀?"

"Kí lẹ ṣe nígbà tó wọlé, Dádì?"

"A gbé àga lé orí tábìlì."

"Ẹ ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu nìyẹn."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará kúlóòsì wa ló pariwo jù. Agogo ti dún, ó tún dún, a ò gbọ́. Mo ní omi tó bá fi ipá wọlé kò yàtọ̀ sí ọlọ́pàá, a kì í pe ìyẹn ní ìjíròrò. Ó ní ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an nìyẹn, pé méjì lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó dán òun wò bi òun ní ìbéèrè yẹn. Ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ya nǹkan sínú afẹ́fẹ́, ó ti gbàgbé ibi tí ó wà. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Pásítọ̀ Seth ló gba makirofóònù lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wa ní etí tó ń gbọ́ omi kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àmín yẹn lọ sókè ju Halelúyà lọ. Tòkunbọ̀ náà ṣe é, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìtàn tí mo sọ kò pé, mo sì ṣì í sọ níwájú gbogbo ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ṣì í sọ. Ká ní mo gbà á ní gbogbo rẹ̀ ni, ọmọ náà ìbá rẹ́rìn-ín, ìbá dúpẹ́, ìbá jókòó.

Ní ìta, Ẹ̀bùn dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà bí ọkùnrin, nítorí ayọ̀, ó sì bá a sọ Faransé. Tíṣà fèsì, ó sì dárúkọ Dakar.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 August

Ẹ̀bùn padà lónìí. Òjò ò jẹ́ kí n rí bàálù náà lójú ọ̀run.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 August

Ìpàdé onílé. Wọ́n gbà pé kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Nígbà tí mò ń ka orúkọ àwọn tó wá, mo ka Kánààlì mọ́ wọn. Tòkunbọ̀ bi mí pé ta ló pè é. Mo ní kò sẹ́ni tó pè é rí, ó kàn máa ń wá náà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 31 August

Fóònù mi dún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo rò pé àwọn tó ń ta ètò ìdókòwò ni. Ẹ̀bùn ni. Mo ti fẹ́ dìde gbé e fún ìyá rẹ̀, ó ní rárá, èmi lòun pè, Tíṣà ti sọ ti Kánààlì fún òun lórí Wásáàpù, òun ò sì gbà pẹ̀lú mi. Mo jókòó padà. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tí Margaret yọrí láti kíṣìnnì, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó bi mí pé kí ni èmi àti ọmọ yìí ń sọ láti ọ̀sán.

Mo fọwọ́ bo fóònù. Mo ní, "Ó máa gùn."